Nọ́mbà PROSPERO Kì Í Ṣe Pépà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Dókítà rẹ́sídẹ́ǹtì ni mí ní Oǹdó. Lọ́dún 2022, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan forúkọ systematic review sílẹ̀ lórí PROSPERO, ìwé ìforúkọsílẹ̀ rífíù tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A fẹ́ mọ bí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà ṣe ń lo oògùn wọn déédéé sí. Wọ́n fún wa ní nọ́mbà. Ọ̀rẹ́ mi ti japa lọ sí ìlú ọba, iṣẹ́ sì dúró síbi tí a ti ń ka àkọlé. Mo ti kọ ọ́ sínú CV mi mọ́ àwọn pépà mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí n mú ẹ̀dà rẹ̀ wá fún ìgbéga. Ẹnì kan ní Àkúrẹ́ ní òun á bá mi parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òun á sì bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, ₦250,000 ni. Ṣé kí n san án? Àti pé, nígbà tí nọ́mbà ti wà lórúkọ mi, ṣé ẹlòmíràn ṣì lè gba àkòrí náà mọ́ mi lọ́wọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀ fún un. Ẹ sì yọ iṣẹ́ náà kúrò láàárín àwọn pépà inú CV yín lónìí, kó tó di pé ìgbìmọ̀ ìgbéga ló máa bá yín yọ ọ́. Ẹ lè gbé e sábẹ́ iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́, kí ẹ kọ nọ́mbà rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá ti fi CV náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú pé ẹ fẹ́ ṣàtúnṣe. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ilé ìwòsàn yín ló sì mọ òfin ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe tí èèyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé wá sàn ju èyí tí wọ́n ká mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn le. Lẹ́tà tó ń wọlé lórí nǹkan yìí láti Oǹdó, Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ ti jọra jù: gbogbo èèyàn ló ní nọ́mbà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ní rífíù tí a lè kà. Àwọn oníṣòwò náà sì ti gbọ́ òórùn owó níbẹ̀.

Fún ẹni tí kì í ṣe dókítà tó bá ń ka ibí yìí: systematic review, tí mò ń pè ní rífíù, ni iṣẹ́ tí a ti ń kó gbogbo ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí ìbéèrè kan ṣoṣo jọ, tí a ó sẹ́ wọn bí ìlànà tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú ṣe sọ, tí a ó yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n ṣeé gbára lé, kí a tó sọ ohun tí gbogbo wọn lápapọ̀ ń wí. Ìlànà tí a kọ ṣáájú yẹn là ń pè ní prótókọ́ọ̀lù. Dókítà tó bá fẹ́ yí oògùn yín padà, irú àkójọ báyìí ló yẹ kó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe pépà kan ṣoṣo tó ṣèèṣì rí.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí nọ́mbà yẹn, torí àṣìṣe tó wà nínú ìbéèrè yín ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ẹ gbà pé nọ́mbà náà ti fọwọ́ sí iṣẹ́ yín, pé ó ti di pépà, pé ó sì ti sọ àkòrí di tiyín. Kò ṣe ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Centre for Reviews and Dissemination ní Yunifásítì York, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dá PROSPERO sílẹ̀ lọ́dún 2011. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀ ni pé kí ẹni tó fẹ́ ṣe rífíù kọ ètò rẹ̀ síta ní gbangba kó tó rí àbájáde, kó má baà jẹ́ pé bó bá rí ohun tí kò wù ú, yóò rọra yí ìbéèrè padà bíi pé ohun tó fẹ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá fi fọ́ọ̀mù yín ránṣẹ́, ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá irú iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà ni, àti bóyá ẹ ti dáhùn gbogbo ohun tí fọ́ọ̀mù béèrè. Wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìlànà yín dára. Prótókọ́ọ̀lù tó gbó, tí ìbéèrè rẹ̀ kò lórí tí kò nídìí, lè gba nọ́mbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CRD gẹ́lẹ́ bíi tiyín. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "PROSPERO ti fọwọ́ sí iṣẹ́ mi" kò mọ ohun tó ń sọ, tàbí kó mọ̀ ọ́n kó máa fi tan èèyàn.

Pé kì í ṣe pépà, ìyẹn ò gba àlàyé púpọ̀. Pépà ní àbájáde. Ètò ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ló wà lórí PROSPERO. Àwọn kan máa ń tẹ prótókọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ jáde nínú jọ́nà, lẹ́yìn tí àwọn olùyẹ̀wò ti kà á, ìyẹn lè wọ CV gẹ́gẹ́ bíi prótókọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti àkòrí ló ń dùn mí jù. Ẹni tó ri òpó síméǹtì mẹ́rin mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn FUTA kò tíì kọ́lé síbẹ̀, àti pé ilẹ̀ ti ibí yìí kì í tilẹ̀ ṣe ti ẹnikẹ́ni. Kò sí òfin tó ní kí àwọn ẹlòmíràn má ṣe rífíù lórí lílo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà nítorí pé ẹ̀yin méjì forúkọ sílẹ̀ ní 2022. Wọ́n lè forúkọ tiwọn sílẹ̀ lọ́la. Wọ́n lè ti tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún tó kọjá kí ẹ má mọ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan míì máa ń ṣẹlẹ̀ tí kò hàn sójú. Àwọn tó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ rífíù láìṣàyẹ̀wò PROSPERO, torí ìlànà ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ti wà lórí ẹ̀. Àwọn mélòó ni yóò ti rí tiyín, tí wọ́n á rí i tó wà níbẹ̀ pé "ó ń lọ lọ́wọ́", tí wọ́n á sì yí padà lọ wá nǹkan míì ṣe? Ẹ ò parí rẹ̀, ẹ ò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Àkọsílẹ̀ PROSPERO kì í pa rẹ́. Àtijọ́ àti tuntun ni gbogbo ayé ń rí. Bí ẹ bá dákẹ́, orúkọ yín wà níbẹ̀ tó ń sọ ohun tí kì í ṣòótọ́ mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníwèé lásán nìyí, kó wo ọ̀rọ̀ ọmọ jòjòló. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń sọ fún àwọn ìyá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pé kí wọ́n máa dojú ọmọ délẹ̀ bó bá fẹ́ sùn. Rífíù kan tó jáde lọ́dún 2005 fi hàn pé ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ láti 1970 pé ìdojúdélẹ̀ léwu fún ọmọ tó ń sùn. Kò kàn sí ẹni tó kó àwọn ìwádìí náà jọ síbì kan ni. Ìṣirò tí wọ́n ṣe ni pé, ká ní wọ́n ti kó o jọ nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dènà ikú ọmọ tí kò dín ní 50,000 ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti àgbègbè Ọsirélíà. Rífíù tí kò jáde, aláìsàn kan wà níbì kan tó ń san owó rẹ̀.

Ó kan ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ méjì tó òun. Lọ́dún 2017, jọ́nà BMJ Open tẹ ìwádìí kan jáde lórí rífíù 195 tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ lórí PROSPERO tí wọ́n sì parí. Láti ìforúkọsílẹ̀ dé ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 67, ìyẹn ju ọdún kan àti oṣù mẹ́ta lọ, èèyàn márùn-ún ní ìpíndọ́gba ló sì ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó yá jù lọ gba ọ̀sẹ̀ 6. Èyí tó pẹ́ jù gba 186. Ẹ wá sọ fún mi ohun tí ẹnì kan ṣoṣo fẹ́ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo lè sọ ohun tí irú wọn máa ń ṣe. Wọ́n á wá PubMed, àkójọ pépà ìṣègùn orí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á mú àwọn pépà tí PDF wọn jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n á ka àkékúrú òkè rẹ̀ nìkan, wọ́n á wá fọwọ́ ara wọn ya àwòrán PRISMA, èyí tó ń fi iye pépà tí wọ́n rí àti iye tí wọ́n yọ hàn, kí nọ́mbà lè jọ òótọ́. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni kí wọ́n ní kí ChatGPT kọ ọ́. Ẹ̀rọ náà lè kọ orúkọ òǹkọ̀wé, jọ́nà, ọdún àti ojú ìwé pépà tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí láyé, kó sì dà bí òótọ́ lójú ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á jù ú sí jọ́nà oníjìbìtì tó ń gba pépà lọ́jọ́ márùn-ún, tí kò sí olùyẹ̀wò kankan níbẹ̀. Wọ́n á tún lè ta iṣẹ́ kan náà fún ẹlòmíràn. Orúkọ tiyín ni yóò wà lókè rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fagi lé e.

Ẹ ní kí ẹni Àkúrẹ́ yẹn fi nǹkan mẹ́ta hàn yín: gbólóhùn tó fi wá dátábéèsì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ tó wá a àti iye tó rí, orúkọ àwọn méjì tó sẹ́ àkọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn tó kà wọ́n láti yan èyí tó bá ìbéèrè mu, àti àkójọ gbogbo pépà tí wọ́n kà tán tí wọ́n sì yọ kúrò, pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ń rojọ́, ẹ dìde. Mi ò ní kí ẹ má sanwó fún ìrànlọ́wọ́ o. Ẹ lè sanwó fún oníṣirò, ẹ lè sanwó fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá dátábéèsì, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú pépà. Ṣùgbọ́n láti jẹ́ òǹkọ̀wé, ohun mẹ́rin ni ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, ICMJE, béèrè, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì gbọ́dọ̀ pé: kí ẹ kópa gidi nínú iṣẹ́ náà, kí ẹ kọ ọ́ tàbí kí ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ọgbọ́n, kí ẹ fọwọ́ sí ẹ̀dà tó kẹ́yìn, kí ẹ sì gbà láti dáhùn fún gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kàn sanwó kò ní ẹyọ kan nínú wọn.

Ó tó nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ bí ẹ ṣe lè fúnra yín parí iṣẹ́ yìí, torí ó ṣì ṣeé parí.

Ẹ kọ́kọ́ wá PubMed, AJOL (African Journals Online, àkójọ àwọn jọ́nà Áfíríkà) àti PROSPERO bóyá ẹnì kan ti ṣe é láti 2022. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó dára, tó jẹ́ tuntun, tó wá ibi gbogbo tó yẹ kó wá, ẹ pa tiyín dé láìbínú. Bó bá jẹ́ PubMed nìkan ló wá, tó fi àwọn jọ́nà Nàìjíríà sílẹ̀, àyè wà fún yín, kí ẹ sì sọ ọ́ kedere nínú ìfáárà.

Lẹ́yìn náà, ẹ dín ìbéèrè náà kù. "Bí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà ṣe ń lo oògùn déédéé" ti fẹ̀ jù, òun gan-an ló pa iṣẹ́ náà, kì í ṣe ìlú ọba tí ọ̀rẹ́ yín lọ. Àgbàlagbà ni àbí àwọn aláboyún náà? Kíníìkì ni àbí àdúgbò? Nítorí pé orí àkọlé lẹ dúró sí, ẹ ò tíì rí àbájáde kankan, ẹ ṣì lè yí i padà láìsí àbòsí. Ẹ kọ ohun tí ẹ yí, ọjọ́ tí ẹ yí i, àti ìdí rẹ̀, sórí PROSPERO, kí ẹ sì tún un sọ nínú pépà. PRISMA 2020, ìlànà bí a ṣe ń kọ rífíù, béèrè rẹ̀ ní ìlà 24. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ẹ ti yọ dátà jáde látinú àwọn pépà kí ẹ tó yí ìbéèrè, kò sẹ́ni tó máa gbà pé àbájáde kọ́ ló mú yín yí i.

Èèyàn mẹ́ta ló kéré jù. Méjì á sẹ́, ìkẹta á làjà níbi tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ti dọ́gba. Ó dára kí ọ̀kan nínú wọn mọ ìṣirò. Ọ̀rẹ́ yín tó wà nílùú ọba ṣì lè ṣe tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó sọ iye wákàtí tó lè fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é mọ́, kó kọ̀wé pé òun yọ ara òun. Ẹ má fọwọ́ ara yín yọ orúkọ ẹni tó bá yín kọ prótókọ́ọ̀lù.

Ìwákiri tí ẹ ṣe ní 2022 ti gbó. Ìlànà Cochrane, àjọ tó ń ṣe rífíù ìṣègùn, ni pé ìwákiri kò gbọ́dọ̀ ju oṣù 12 lọ kí rífíù tó jáde, ó sì wù wọ́n kó má ju oṣù 6 lọ. Ọ̀pọ̀ olóòtú jọ́nà ló ń wò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un wá pẹ̀lú gbólóhùn kan náà tí ẹ lò tẹ́lẹ̀. Lórí PubMed, ẹ fi ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ wọ inú PubMed dín in kù, ẹ má lo ọdún tí pépà jáde, torí pépà 2021 lè ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní 2023. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tuntun wọnú ti àtijọ́ ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta, Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìtọ́kasí, á bá yín yọ èyí tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá AJOL lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kéékèèké, torí kò gba gbólóhùn gígùn bíi ti PubMed. Ẹ wá African Index Medicus, àkójọ pépà ìlera Áfíríkà, náà. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà kò sí nínú PubMed rárá. Ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní ilé ìkàwé UNIMED, OAU àti Ìbàdàn, ẹ lè kà wọ́n mọ́ ọn bí prótókọ́ọ̀lù yín bá gbà á. Ẹ ṣáà kọ gbogbo gbólóhùn ìwákiri sílẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye. Èyí ni àwọn èèyàn kì í kọ, òun náà ló sì máa ń dá wọn padà sẹ́yìn lẹ́yìn ọdún kan.

Sísẹ́ àkọlé ló ń pa rífíù jù, torí kò sẹ́ni tó ń ṣírò rẹ̀ ṣáájú. Ká ní àkọlé 4,000 lẹ ní. Bí ẹ bá ń lo ìṣẹ́jú kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 67 nìyẹn fún ẹnì kan, ẹni kejì náà á ṣe 67. Rẹ́sídẹ́ǹtì tó ń ṣe iṣẹ́ òru, tó lè fi wákàtí méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, yóò lo ọ̀sẹ̀ 11 lórí àkọlé nìkan. Ẹ wo ọjọ́ ìdánwò yín, ẹ wo ìgbà tí wọ́n máa gbé yín lọ sí ẹ̀ka míì, kí ẹ tó dá ọjọ́ fún ara yín. Rayyan, ohun èlò orí íntánẹ́ẹ̀tì fún sísẹ́ àkọlé, ní apá tí kì í gba owó, ẹ lò ó, ẹ jẹ́ kó bo ìpinnu ẹnì kìíní mọ́ ẹnì kejì lójú títí ẹ ó fi parí. Ẹ kọ́kọ́ jọ sẹ́ 50 péré, kí ẹ jókòó sọ ibi tí ẹ ti yàtọ̀, kí ẹ tún ìlànà kọ kó ṣe kedere, kí ẹ tó bọ́ sórí ìyókù. Kí ẹni méjì ní kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì náà, kí ẹ sì máa fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹnì kan japa pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà bá a wọ bàálù.

Fún odindi pépà, ẹ béèrè ní ilé ìkàwé yín bóyá wọ́n ní Hinari, ètò Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣí jọ́nà fún àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò tó. Èyí tí ẹ ò bá rí níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí òǹkọ̀wé rẹ̀, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá dáhùn, ẹ kà á mọ́ àwọn tí ẹ wá tí ẹ ò rí. Ẹ má fi àkékúrú rẹ̀ díbọ́n pé ẹ ti ka odindi.

Ibi tí ọwọ́ yín máa ti há nínú àkòrí yìí gan-an ni bí wọ́n ṣe ń wọn lílo oògùn. Àwọn kan á lo ìwọ̀n Morisky oníbéèrè mẹ́jọ, tí máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 8: 8 ni ẹni tó ń lò ó dáadáa, láti 6 títí dé ẹ̀yìn 8 jẹ́ àárín méjì, èyí tí kò bá tó 6 kò dára. Pépà kan á ka ẹni tó gba 8 nìkan sí ẹni tó ń lo oògùn déédéé, òmíràn á ka gbogbo ẹni tó gba 6 sókè. Pépà méjì yìí lè jẹ́ ti kíníìkì kan náà kí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún wọn jìnnà síra bí Àkúrẹ́ sí Màídúgùrì. Ẹlòmíràn á ka hóró oògùn tó ṣẹ́kù nínú ìgò, ẹlòmíràn á kàn bi aláìsàn pé "ṣé ẹ ń lò ó?", tí ìyẹn á sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí dókítà má baà bínú. Nítorí náà, fọ́ọ̀mù tí ẹ ó fi yọ dátà gbọ́dọ̀ ní àyè fún irú ìwọ̀n, ibi tí wọ́n gé e sí, iye èèyàn tí wọ́n kà, àti bóyá oògùn ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbà tàbí wọ́n ń rà á. Ẹ dán fọ́ọ̀mù náà wò lórí pépà mẹ́ta sí márùn-ún kí ẹ tó gbájú mọ́ ọn. Fún bóyá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣeé gbára lé, ìbéèrè mẹ́sàn-án tí àjọ JBI ṣe fún irú ìwádìí báyìí tó yín.

Bí wọ́n bá wá yàtọ̀ síra jù, ẹ má kó wọn pọ̀ di nọ́mbà kan. Àwọn èèyàn máa ń rò pé rífíù tí kò ní meta-analysis, ìyẹn ìṣirò tó ń pa àbájáde pọ̀ di ẹyọ kan, kò tíì parí. Irọ́ ni. Láti 2020 ni ìlànà SWiM ti wà, tó ń sọ bí a ṣe ń kọ rífíù láìpa á pọ̀ báyẹn. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ bí ìwọ̀n tí wọ́n lò ṣe rí, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ ò fi pa wọ́n pọ̀. Àbájáde tí kò dán, tàbí tó kàn ń sọ pé ẹ̀rí kò tó, ṣeé tẹ̀ jáde, ó sì yẹ kó jáde.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ fi gbogbo ìlà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó wà nínú PRISMA 2020 ṣàyẹ̀wò ara yín, kí ẹ sì ṣírò iye inú àwòrán PRISMA náà lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí 1,200, tí ẹ yọ 300 tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, 900 lẹ sẹ́. Bí ẹ bá yọ 820 níbẹ̀, 80 lẹ wá odindi rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí 6, 74 lẹ kà. Bí ẹ bá yọ 50, 24 ló wọlé, àpapọ̀ iye tí ẹ kọ síwájú ìdí kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi yọ wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 50. Àwọn olùyẹ̀wò máa ń ṣe ìyọkúrò yìí kí wọ́n tó ka ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ jọ́nà kò le tó bí wọ́n ṣe ń fi dẹ́rù ba yín. Ẹ wo DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà tí a lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, bóyá jọ́nà náà wà níbẹ̀, ẹ lo àwọn ìbéèrè Think. Check. Submit., tó wà fún yíyan jọ́nà tó ṣeé gbára lé, ẹ ka pépà méjì tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, kí ẹ sì wò ó bóyá irú iṣẹ́ yín ni wọ́n ń gbà. Jọ́nà wà tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Àwọn tó ń gbowó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dín in kù tàbí ń fojú fò ó fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ béèrè nígbà tí ẹ ń fi pépà ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ti gbà á tán, ọ̀pọ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́. Ẹ lè kọ́kọ́ gbé e sórí medRxiv, ìkànnì fún pépà ìṣègùn tí wọn kò tíì yẹ̀ wò, lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bóyá ìgbìmọ̀ ìgbéga yín á ka ìyẹn sí nǹkan, àwọn ni kí ẹ bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni bóyá kọ́lẹ́ẹ̀jì yín ń gba rífíù dípò ìwé àṣekágbá. Bí jọ́nà kan bá dá a padà, ẹ tún un ṣe, ẹ fi ránṣẹ́ sí òmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Pépà tó bá sùn sínú kọ̀ǹpútà ju ìyẹn lọ kì í tètè jí, ìwákiri yín á sì tún ti máa gbó.

Ọjọ́ tó bá jáde, ẹ padà sórí PROSPERO, ẹ yí i sí pé ó ti parí, kí ẹ fi ìlíǹkì pépà náà síbẹ̀. Bí ẹ bá sì wo gbogbo ohun tí mo sọ tí ẹ rí i pé kò ṣeé ṣe fún yín, ẹ yí i sí pé ẹ ti dá a dúró, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan: ẹnì kan ti kúrò, àkókò kò sí. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ fi í han ọ̀rẹ́ yín tó wà nílùú ọba, torí orúkọ tirẹ̀ náà wà lórí ẹ̀.